Ìtàn Moses Orímọládé, Bàbá Aládùúrà

Ẹni tí ó bá gba Boundary kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, níbi tí Àpápá gbé fi ilẹ̀ kan Ajégúnlẹ̀, kò ní ṣàì gbọ́ orin àwọn aláṣọ funfun kí ó tó rí ilé ìsìn wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ orúkọ Kérúbù àti Séráfù; díẹ̀ ni ó mọ ọkùnrin tí ó dá orin náà sílẹ̀ láàárín wa, ẹni tí kò lè rìn dáadáa, tí kò sì mọ̀wé. Ìtàn rẹ̀ ni àwa fẹ́ sọ.

Ìlú Ìkàrẹ́ ní ilẹ̀ Àkókó ni a bí Moses Orímọládé sí ní nǹkan bí ọdún 1879. Ọmọ ọba ni Túnọláṣe, baba rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ a máa sọ pé ní ọjọ́ tí a bí i gan-an ni ó fẹ́ dìde dúró, tí ẹ̀rù ba baba rẹ̀, tí ó sì fi ọfọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó ti wù kí olúkúlùkù gba ìtàn yìí sí, arọ ni ọmọ náà, ojú kan ni ó sì ń jókòó sí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré kiri.

Ìtàn mìíràn wà tí àwa fẹ́ràn jù ú lọ. Wọ́n ní ní òru ọjọ́ kan, ẹni tí ń ṣọ́ ilé ìsìn St. Stephen ní Ìkàrẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ nínú ilé náà, ó sì gbọ́ orin bí ẹni pé ìjọ ènìyàn pé síbẹ̀. Ó sáré pe àlùfáà. Nígbà tí wọ́n wọlé, arọ kékeré náà nìkan ni wọ́n bá.

Nígbà tí ó dàgbà, a fi hàn án lójú àlá pé kí ó bu omi odò tí ń ṣàn, kí ó fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì gba agbára, ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára tán. Títí ó fi kú ni ó ń tiro. Ẹni tí àdúrà rẹ̀ wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti jẹ́rìí, kò rí ẹsẹ̀ tirẹ̀ gbà padà tán. Àwa kò gbọ́ pé ó fi èyí ṣe ẹ̀sùn kan Ọlọ́run rí. Ohùn ni a fi fún un, ó sì mú ohùn náà lò. Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, síbẹ̀ ó mọ Bíbélì lórí, orí kan tẹ̀lé èkejì, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń ti àwọn tí ó gbé ìwé lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ títiro náà ni ó gbé e la Àkókó já, dé Benin, dé Kàbà àti Lọ́kọ́ja, àti sí òkè Ọya, tí ó ń wàásù, tí ó ń gbàdúrà, tí ó sì ń kọrin. Kò fẹ́ ìyàwó.

Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1924 ni ó dé Èkó. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọdébìnrin tí kò tí ì pé ọdún 18, lọ wo ayẹyẹ àwọn Àgùdà ní Campos Square. Lẹ́yìn èyí ni ó bọ́ sínú ìran, tí kò sì mọ ayé mọ́. A ránṣẹ́ pe Orímọládé. Ó gbàdúrà, ọmọ náà sì jí. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wọ́ wá. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ẹgbẹ́ wọn gba orúkọ Séráfù. Ní ọdún 1926 ni a fi Kérúbù kún un. Orúkọ náà bá wọn mu, nítorí àwọn Séráfù tí wòlíì Isaiah rí lójú ìran ń ké sí ara wọn ní ìyìn Ẹni Mímọ́. Wọ́n ń kọrin ní èdè Yorùbá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ń fi aṣọ funfun yí ìgboro Èkó ká.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ìlú Navadvip ní Bengal, ní ilẹ̀ Íńdíà, a bí Chaitanya ní ọdún 1486. Olùkọ́ gírámà ni, bí àwa náà ti ń múra àti di olùkọ́. Nígbà tí ó ti ìrìn-àjò mímọ́ dé, kò lè kọ́ni mọ́: ẹ̀kọ́ yòówù tí ó bá bẹ̀rẹ̀, orúkọ Krishna, Ọlọ́run tí ó ń sìn, ni ó ń parí sí. Ó tú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ká, ó sì ń fi ìlù àti aro kọ orúkọ náà lórin ní òpópó, láìbéèrè ìran tí ẹnikẹ́ni ti wá. Adájọ́ ìlú dá wọn lẹ́kun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tẹ̀lé e pẹ̀lú iná lọ́wọ́, wọ́n ń kọrin lọ sí ẹnu ọ̀nà adájọ́. Ọ̀kan ti inú ìwé wá, èkejì kò mọ ìwé, orin kan náà ni ó gbà wọ́n. Àwa tí ń ṣe ìdánwò lójoojúmọ́ kò lè ṣàì ronú sí i.

Àwọn onísìn Híńdù ní gúúsù Íńdíà a máa jiyàn lórí oore-ọ̀fẹ́. Àwọn kan ní bí ọmọ ọ̀bọ ti ń di ikùn ìyá rẹ̀ mú ni ènìyàn níláti di Ọlọ́run mú. Àwọn kejì ní rárá, bí ológbò ti ń fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀ ni Ọlọ́run ń gbé wa. Lójú tiwa, ọmọ ológbò ni Orímọládé ní Ìkàrẹ́. Ní Èkó ni ó di dandan kí ó di nǹkan mú, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣòro.

Abíọ́dún, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ni ó ṣíwájú àwọn tí ó la ilẹ̀ Yorùbá já ní ọdún 1927. Bàbá Aládùúrà jókòó sí Èkó. Òkìkí ọmọ náà kàn, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ lórí ta ni ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn onílàjà gbìyànjú, kò bọ́ sí i. Ní ọdún 1929 ni wọ́n pínyà, kò sì pẹ́ tí àwọn mìíràn nínú àwọn tí ó kù fi tún yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀dùn ni èyí jẹ́ fún wa láti kọ, nítorí ìyapa náà kò dá orin kankan dúró: orin kan náà ni ìhà méjèèjì ń kọ.

Orímọládé kúrò láàárín Èkó lọ sí Ọ̀jọ́kòrò, lẹ́bàá Agége. Níbẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1933, níbẹ̀ ni a sì sin ín sí. Abraham Ònánúgà ni ó jókòó sí ipò rẹ̀. Abíọ́dún wà láàyè títí di ọdún 1994.