Eni Njoku àti Ìwádìí Rẹ̀ lórí Ìgbà Ìtànná Ewéko

Ọgbà Yunifásítì Èkó tó wà ní Akọka kò jìnnà sí Bajulaiye, ní ìhà Ṣómólú àti Bàrígà. Ilé ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan wà nínú ọgbà náà tó ń jẹ́ Eni Njoku. Àwọn tó mọ̀ pé orúkọ gíwá àkọ́kọ́ yunifásítì náà ni pàápàá kì í sábà mọ̀ pé onímọ̀ nípa ewéko ni ọkùnrin yìí, àti pé ó wádìí bí àwọn ewéko ilẹ̀ olóoru ṣe ń mọ àsìkò tó yẹ kí wọ́n tanná.

Ebem ní Ohafia, ní ilẹ̀ Ìgbò, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún 1917. Ó kàwé ní Hope Waddell ní Calabar, lẹ́yìn náà ní Yaba Higher College, nítòsí Akọka kan náà. Ní Yunifásítì Manchester, ó yege ní ipò kìíní nínú ìmọ̀ ewéko ní ọdún 1947. Ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1948, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1954. Ìṣèlú ti kọ́kọ́ fà á kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀: ó ṣe mínísítà fún ohun alumọ́ọ́nì àti agbára ní ìjọba àpapọ̀ láàárín 1952 sí 1953. Aáwọ̀ inú ẹgbẹ́ NCNC ló gbé e kúrò níbẹ̀. Ohun tí ìṣèlú pàdánù, ìmọ̀ ló jèrè rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń gùn ju wákàtí mẹ́rìndínlógún lọ, nígbà tí ti ìgbà òtútù kì í fi bẹ́ẹ̀ ju mẹ́jọ lọ. Kò yani lẹ́nu pé ewéko ibẹ̀ ń fi gígùn ọ̀sán mọ àsìkò. Ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Kí ni ewéko fẹ́ rí mú nínú ìwọ̀nba ìyẹn? Njoku mú ewéko ilẹ̀ wa, ó ń yí gígùn ìmọ́lẹ̀ tó ń kàn wọ́n padà, ó sì ń ṣọ́ ìgbà tí wọn yóò tanná. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 1958 fi hàn pé àwọn kan lára wọn ń mọ ìyàtọ̀ kékeré náà.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹwà òdòdó lọ. Inú òdòdó ni ewéko ti ń bímọ. Lẹ́búlẹ́bú tó wà lára ẹ̀yà akọ gbọ́dọ̀ dé orí ẹ̀yà abo kí èso tó lè so. Bí òdòdó bá là nígbà tí òjò ń rọ̀ ṣáá, lẹ́búlẹ́bú lè ṣòfò, kòkòrò tó ń gbé e kiri kò sì ní lè fò. Bí igi kan bá dá tanná nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì tanná, ta ni yóò fún un ní lẹ́búlẹ́bú? Ẹ wo àràbà: ó ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òdòdó rẹ̀ ń là lóru lórí ẹ̀ka tí kò léwé, àdán á sì wá mu omi dídùn inú rẹ̀, á gbé lẹ́búlẹ́bú náà lọ sórí igi mìíràn. Àgbẹ̀ náà mọ̀ ọ́n lọ́nà tirẹ̀. Ẹ̀wà ìbílẹ̀ tó ń fà nílẹ̀, bí a bá tètè gbìn ín jù, ewé ni yóò máa pọ̀. Ìgbà tí ọ̀sán bá ń kúrú tí òjò sì ń kásẹ̀ nílẹ̀ ló ń tanná.

Njoku tún ṣàkíyèsí àwọn igi igbó. Ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn ń rúwé tuntun nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, òjò nìkan kọ́ ló ń jí wọn. Iṣẹ́ yìí jáde nínú Journal of Ecology ní 1963, apá kejì tó dá lórí àwọn ọmọ igi sì tẹ̀ lé e ní 1964. Ó sì ti di gíwá nígbà náà.

Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 131, ní ẹ̀ka ìṣòwò, òfin àti ìṣègùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín: onímọ̀ ewéko ni olórí, kò sì sí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì títí di 1964. Ní 1965, àsìkò rẹ̀ parí. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ alákòóso yan Saburi Biobaku. Òpìtàn tó dáńtọ́ ni Biobaku, kò sí ẹni tó lè já èyí nírọ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Ìgbò àti Yorùbá ti wọ̀ ọ́, àìṣòdodo ni yóò sì jẹ́ bí ẹni tó ń fi Yorùbá kọ ìtàn yìí bá fò ó. Wọ́n ti yunifásítì pa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ọ̀bẹ gún Biobaku, orí ló yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Njoku lọ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ní 1966 ó di gíwá ní Nsukka, ogun sì dé ní ọdún kejì. Ní 1968, òun ló ṣáájú àwọn aṣojú Biafra níbi ìpàdé àlàáfíà ní Addis Ababa. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kejìlá ọdún 1974, nígbà tó pé ọmọ ọdún 57. Àwọn tó ń wádìí igbó ilẹ̀ olóoru ṣì ń tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀ ti 1963 àti 1964.