Herbert Macaulay: Awọnlẹ̀ Tó Jà Nítorí Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀

Kò sí ẹni tó wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa tí kò gbọ́ orúkọ Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ àti gírámà Yorùbá jáde ní 1843. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹnjiníà ni, síbẹ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ló gbé e dé London.

Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 1864 ni wọ́n bí Herbert Macaulay ní Èkó. Abigail ọmọ Crowther ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló dá CMS Grammar School sílẹ̀. Ní 1881 ó wọ iṣẹ́ akọ̀wé lábẹ́ ìjọba. Ní 1890 ìjọba rán an lọ sí Plymouth, ó sì fi ọdún mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Nígbà tó dé ní 1893, wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ ìjọba. Ní 1898 ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ìwé àṣẹ, ó sì ń wọnlẹ̀ fún aráàlú.

Ní 1913 ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá. Wọ́n ní Olóyè Amodu Tijani, Olúwa, kàn ń bójú tó ilẹ̀ náà ni, kì í ṣe onílẹ̀, nítorí náà owó kékeré ló tọ́ sí i. Macaulay bá a lọ sí London ní 1920, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí lọ́wọ́. Ní 1921 Privy Council dá Olúwa láre: gbogbo ìdílé ló ni ilẹ̀, kí ìjọba san owó rẹ̀ pé. Àwọn adájọ́ tún kìlọ̀ pé kí a má máa fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo bí a ṣe ń ni ilẹ̀ níbí.

Ẹ wò ó bí ẹni ń kọ́ èdè. Ẹnì kan ṣoṣo ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ń wá tó bá bi pé ta ló nilẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, òkú, alààyè àti ọmọ tí a kò tíì bí ló nilẹ̀.

Ìjà náà náni lówó, ó náni lára. Ìjọba kò ka Ẹlẹ́kọ̀ sí ọba mọ́. Ní 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́, ìlú tí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbà kọjá lọ sí Ìbàdàn. Ọdún 1931 ló tó padà sílé. Macaulay fúnra rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ní 1913 àti 1928. Ẹ̀wọ̀n àkọ́kọ́ kò jẹ́ kó lè du ipò, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ NNDP tó dá sílẹ̀ ní 1923 ló gba ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fún Èkó.

Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà tó ń bá NCNC rìn káàkiri. Kano ni àìsàn ti kọlù ú. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1946.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ ògbufọ̀ jẹun, ẹ rántí Àpápá. Ọ̀rọ̀ kan tí a bá ṣì túmọ̀ lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ odidi ìdílé.