Tafawa Balewa: Olóhùn Wúrà tí Òyìnbó rẹ̀ wu gbogbo ayé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹni tó bá ti dàgbà tó láti gbọ́ rédíò lọ́dún 1960, yálà ní Ìkìrun, Ìníṣà tàbí Òkukù, yóò rántí ohùn Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà náà. Ohùn Wúrà ni wọ́n ń pè é.

Oṣù Kejìlá ọdún 1912 ni wọ́n bí i ní àgbègbè Bauchi, kì í sì ṣe ilé ọba ni wọ́n ti bí i. Ó kàwé ní Katsina College láti ọdún 1928 títí di 1933, ó sì di olùkọ́ ní Bauchi. Ní ọdún 1945, ó lọ sí London láti kọ́ ẹ̀kọ́ síi nípa iṣẹ́ olùkọ́ni, ó sì padà wálé ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Nígbà tó dé inú ìṣèlú, ó di mínísítà iṣẹ́ òde ní 1952. Lẹ́yìn náà ni ó di mínísítà ìrìnnà, tí rélùwéè tó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá fi wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 1957, ó di olórí ìjọba.

Láyé ìgbà náà, ohùn ará London ni wọ́n fi ń wọn òyìnbó, nítorí àwọn ará BBC ló bá wa dá ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba sílẹ̀ ní 1951. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló ń fi imú sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè jọ òyìnbó. Ti Balewa yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ London hàn nínú ohùn rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn èdè Hausa kò kúrò níbẹ̀. Kò kánjú, kò pariwo, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń yéni. Bó ṣe sọ̀rọ̀ nìyẹn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960 ní pápá Race Course, l'Ékòó, níṣojú Ọmọọba Alexandra. Bẹ́ẹ̀ náà ló sọ̀rọ̀ ní New York lóṣù kan náà, nígbà tí Nàìjíríà wọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Ṣùgbọ́n ohùn dídùn kò pa iná ìjà. Nígbà tí ìbò 1965 dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ọ̀pọ̀ èèyàn bínú sí i pé kò tètè dá sí i. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn ológun wá mú un nílé rẹ̀ l'Ékòó. Òru ọjọ́ náà ni wọ́n pa Olóyè Ladoke Akintola n'Ìbàdàn. Ẹ̀bá ọ̀nà Abẹ́òkúta ni wọ́n ti rí òkú Balewa, Bauchi ni wọ́n sì sin ín sí.

Lónìí, ọmọ tí kò kúrò n'Ìkìrun rí ń sọ òyìnbó bí ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń fi Yorùbá tó fi "h" síbi tí kò yẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ẹ̀yin òbí rán wọn létí pé ọkùnrin tí aráyé fẹ́ràn òyìnbó rẹ̀ jù ní Nàìjíríà kò fi ohùn ìlú rẹ̀ pamọ́. Ohun tó yéni ló ń wuni í gbọ́.