Susanna Wesley, Ìyá Epworth

Ẹ̀yin ìyá wa ọ̀wọ́n, bí a bá ń dárúkọ John àti Charles Wesley, kí a má ṣe gbàgbé obìnrin tí ó bí wọn, tí ó sì tọ́ wọn.

London ni a ti bí Susanna ní ọdún 1669. Òun ni ọmọ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí bàbá rẹ̀, Samuel Annesley, bí. Ní 1688 ó fẹ́ Samuel Wesley. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi ọkọ rẹ̀ ṣe àlùfáà ìjọ Epworth ní Lincolnshire, ìgbèríko àwọn àgbẹ̀ ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mọ́kàndínlógún ni Susanna bí; mẹ́sàn-án nínú wọn kú ní kékeré.

Ilẹ̀ àbàtà ni agbègbè Epworth tẹ́lẹ̀. Láti 1626 ni Cornelius Vermuyden, ọmọ ilẹ̀ Holland, ti ń fa omi rẹ̀ gbẹ lábẹ́ àṣẹ ọba. Àwọn mẹ̀kúnnù tí wọ́n ń da ẹran, tí wọ́n sì ń pẹja níbẹ̀ pàdánù púpọ̀ nínú ilẹ̀ àjọni wọn, ìjà rẹ̀ sì pẹ́ kí ó tó tán. Àárín àwọn ènìyàn tí ojú ti pọ́n báyìí ni Susanna ti tọ́ ọmọ.

Ní 1705, nítorí ọ̀ràn ìdìbò, àwọn èrò yí ilé wọn ká, wọ́n ń pariwo lóru. Ọmọ ìkókó Susanna kú lákòókò náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti ọkọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n ní Lincoln nítorí gbèsè tí kò tó ọgbọ̀n pọ́n-ùn. Susanna kó òrùka rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọkọ rẹ̀ dá a padà.

Ní oṣù kejì 1709, iná jó ilé wọn. John, ọmọ ọdún márùn-ún, ni wọ́n yọ kẹ́yìn láti ojú fèrèsé. Bíríkì ni wọ́n fi tún ilé náà kọ́, ó sì wà títí di òní.

Susanna fúnra rẹ̀ ni olùkọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ bá ti pé ọdún márùn-ún ni yóò bẹ̀rẹ̀ ìwé. Kò gbà kí a fi ọmọbìnrin sẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó mọ ìwé kà dáadáa.

Ní nǹkan bíi 1712, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní London, ó ń ka ìwàásù fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n ń wá, títí wọ́n fi tó igba. Igbákejì àlùfáà kọ̀wé fi í sùn, ọkọ rẹ̀ sì ní kí ó dáwọ́ dúró. Susanna fèsì pé bí ọkọ òun bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó pàṣẹ rẹ̀ gbangba, kí ó sì múra láti jíhìn níwájú Ọlọ́run. Ọkọ rẹ̀ kò pa àṣẹ náà.

Samuel kú ní 1735. Ní oṣù kẹfà 1742, wọn kò gba John láàyè láti wàásù nínú ṣọ́ọ̀ṣì Epworth. Orí ibojì bàbá rẹ̀ ni ó dúró sí, ogunlọ́gọ̀ sì wá gbọ́ ọ. Ní oṣù keje ọdún náà ni Susanna sùn nínú Olúwa ní London. Bunhill Fields ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin ìyá, Susanna kò joyè kankan nínú ìjọ. Ilé rẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́, ayé sì rí èso rẹ̀. Kí àwa náà má ṣe fojú kéré ilé tiwa.