James Joule àti ooru inú wáyà iná

Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1818 ni a bí James Prescott Joule ní ìlú Salford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìpọntí ni bàbá rẹ̀ ní. Ara ọmọ náà kò le púpọ̀, nítorí náà ilé ni ó ti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà, John Dalton, ọ̀mọ̀wé ńlá kan ní Manchester, kọ́ ọ ní ìṣirò.

Joule kò lọ sí yunifásítì. Ó ń bá àwọn ẹbí rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọtí, ó sì ń wádìí iná mànàmáná. Ó ri wáyà bọ omi, ó jẹ́ kí iná ṣàn nínú rẹ̀, ó sì wọn bí omi náà ṣe gbóná tó.

Ní ọdún 1840, ó rí òfin kan. Bí iná tí ń ṣàn nínú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí iná bá di ìlọ́po mẹ́ta, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Bí iná kan náà bá sì gba inú wáyà méjì kọjá, èyí tí ó tín-ín-rín ni yóò gbóná jù.

Joule fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìkékúrú rẹ̀ nìkan ni wọ́n tẹ̀ jáde. Joule kò sọ̀rètí nù. Ó ń wọn ooru lọ. Ní ọdún 1850, ẹgbẹ́ náà gan-an gbà á wọlé. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1889.

Òfin rẹ̀ ń ṣọ́ ilé wa títí di òní. Bí irin ìlọṣọ, fírígò àti ìkòkò iná bá ń mu iná lójú kan náà, wáyà inú ògiri yóò máa gbóná. Disjoncteur ni ó yẹ kí ó já iná náà kí wáyà tó jó. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀. Nínú ìlànà ilẹ̀ Faransé, bí wáyà prise bá jẹ́ 1,5 mm², disjoncteur rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 16 ampere lọ. Bí ó bá jẹ́ 2,5 mm², kò gbọdọ̀ ju 20 lọ.

Bí disjoncteur bá ń já lemọ́lemọ́, ẹni tí ó yọ ọ́, tí ó fi èyí tí ó tóbi jù rọ́pò rẹ̀, kò tún iná ṣe. Olùṣọ́ ilé rẹ̀ ni ó lé lọ.