Wòlíì William Wadé Harris àti Ìwé tí a Kò Tíì Ṣí

Àwọn ará wa tí ń ṣòwò ní Abidjan, pàápàá jùlọ àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò tí wọ́n ti fi ìlú náà ṣe ilé kejì, mọ ìjọ kan tí tọkùnrin tobìnrin rẹ̀ máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ilé ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé lè rò pé ọ̀kan nínú àwọn ìjọ Aládùúrà wa ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ọkùnrin ará Làìbéríà kan ni ìjọ náà ń jẹ́, ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ní etíkun náà ní 1913 àti 1914, nígbà tí Abidjan kò tíì ju àwọn abúlé Ebrié díẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀sà àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin àwọn Faransé lọ. William Wadé Harris ni orúkọ rẹ̀. A ń sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin olùfẹ́ òǹkàwé, nítorí ó fi hàn bí ẹsẹ Bíbélì kan ti lè di ènìyàn mú, ó sì fi hàn bí ó ti ń rí nígbà tí Bíbélì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ṣùgbọ́n tí kò sí ní èdè wọn.

Ní nǹkan bí 1860 ni a bí i ní agbègbè Cape Palmas, láàárín àwọn Grebo. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, a fà á lé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, John Lowrie, tí í ṣe oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, níbẹ̀ ni ó sì ti kọ́ láti ka èdè Grebo àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó bá ọkọ̀ òkun lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn ọ̀dọ́ etíkun náà. Ó dé Gabon, ó sì dé Èkó wa pàápàá. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe iṣẹ́ bíríkìlà.

Ó ti pé bí ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ kí Ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ ọ́ lára. Ó wà nínú ilé ìsìn Mẹ́tọ́díìsì ní ìlú Harper ní ọjọ́ kan, oníwàásù sì mú ẹsẹ karùn-ún nínú orí kejì Ìwé Ìfihàn, níbi tí Olúwa ti ń pe ìjọ Éfésù láti rántí ibi tí ó ti ṣubú, kí ó ronú pìwà dà, kí ó sì padà sí iṣẹ́ rẹ̀ ìṣáájú. Láti kékeré ni Harris ti ń gbọ́ Bíbélì nínú ilé Lowrie. Ní ọjọ́ náà ni ó gbọ́ ọ bí ẹni tí a dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó darúgbó, ẹsẹ yìí ni ó ṣì ń tọ́ka sí bí a bá bi í ní ìgbà tí ó yí padà.

Ó gbé Rose Farr níyàwó ní 1885. Ó wọ inú ìjọ Episcopal, ó di olùkọ́ ilé ìwé, lẹ́yìn náà ó sì di ògbufọ̀ fún ìjọba Làìbéríà. Ẹni iyì ni. Bàtà àti aṣọ òyìnbó kò wọ́n ọn. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti fà sí ọ̀ràn ìjọba. Ó wù ú kí Gẹ̀ẹ́sì wá gba àwọn Grebo lọ́wọ́ àwọn aṣáájú Làìbéríà, ó sì ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní gbangba ní 1909. Nítorí èyí ni a ṣe sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n.

Inú ẹ̀wọ̀n ni ìtàn náà ti yí padà. Ní 1910, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́rìí, áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì farahàn án ní òru, ó sọ fún un pé Ọlọ́run ti yàn án ní wòlíì, ó sì ní kí ó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀. Bí Harris ti ń ka Ìwé Mímọ́ láti ìgbà náà kò dàbí ti ẹni tí ń ka ìtàn àwọn ará ìgbàanì. Ó ń wá ibi tí òun gan-an wà nínú rẹ̀, ó sì rò pé òun rí i nínú orí ìkẹyìn Málákì, níbi tí a ti ṣèlérí pé Èlíjà yóò wá kí ọjọ́ Olúwa tó dé. Ewu wà nínú irú kíkà bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi bò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti rí orúkọ ara wọn nínú Bíbélì níbi tí a kò kọ ọ́ sí. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ dá Harris lẹ́jọ́ ní láti ka èyí pẹ̀lú: kò gba owó, kò kó ọrọ̀ jọ, kò sì dá ìjọ kankan sílẹ̀ fún ara rẹ̀ ní gbogbo ìrìn àjò náà.

Ní oṣù Keje 1913 ni ó kọjá sí Côte d'Ivoire, òun àti àwọn obìnrin méjì tí ń kọrin tí wọ́n sì ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun, ó wé láwàní, ó mú ọ̀pá tí a ṣe bí àgbélébùú, ó sì mú igbá omi àti Bíbélì. Ní abúlé dé abúlé ni àwọn ènìyàn ń kó òrìṣà wọn jáde tí wọ́n sì ń sun ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìrìbọmi yóò kúnlẹ̀, yóò di ọ̀pá náà mú, Harris yóò wọ́n omi sí i lórí, yóò sì gbé Bíbélì lé orí rẹ̀. Ó dé Grand-Lahou, ó dé Bingerville tí í ṣe olú ìlú nígbà náà, ó sì kọjá lọ sí ilẹ̀ Nzema ní Gánà òde òní. Àwọn onítàn fojú bù ú pé àwọn tí ó ṣe ìrìbọmi fún tó 100,000. Àwọn mìíràn kà wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí Bíbélì tí ó ń gbé lé wọn lórí yìí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Faransé ni ìjọba ibẹ̀ ń sọ, Ebrié, Dida, Adioukrou, Alladian àti èdè mìíràn ni àwọn ènìyàn ń sọ, kò sì sí odindi Bíbélì nínú ọ̀kankan nínú wọn. Ní 1913, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ti kọjá tí àwa Yorùbá ti ní odindi Bíbélì ní èdè wa, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884. Bí oníwàásù bá ṣì wá lọ́nà, ìyá arúgbó tí ó mọ̀ ọ́n kà lè ṣí Ìwé náà kí ó sì wádìí. Àwọn tí Harris ṣe ìrìbọmi fún kò ní àǹfààní yìí. Ẹnu ògbufọ̀ ni wọ́n fi gbọ́, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wòlíì náà sì ti kọjá lọ.

Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún wọn kò pọ̀: Òfin Mẹ́wàá, Àdúrà Olúwa, àti pé kí wọ́n sinmi ní ọjọ́ Ìsinmi. Nígbà tí wọ́n bi í ní orin tí wọn yóò máa kọ, ó ní kí wọ́n mú orin ilẹ̀ wọn, kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà sí ìyìn Ọlọ́run. Ó ní kí wọ́n kọ́ ilé àdúrà, kí wọ́n yan ènìyàn méjìlá láti máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì dúró de àwọn tí yóò wá ṣí Ìwé náà fún wọn. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí wọ́n há sórí yìí ni wọ́n ń gbàdúrà rẹ̀ lówùúrọ̀ àti lálẹ́. Ní àwọn ibòmíràn, àwọn akọ̀wé ilé òwò tí wọ́n wá láti Gold Coast àti Sierra Leone ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń túmọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó.

Ìjọba Faransé kọ́kọ́ fi ojú rere wò ó. Ṣùgbọ́n ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ẹ̀rù ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń tẹ̀ lé e sì bà wọ́n. Ní ìparí ọdún náà ni wọ́n mú un, wọ́n lù ú, wọ́n sì lé e padà sí Làìbéríà. A wó àwọn ilé àdúrà kan. Ní 1922 òfin jáde pé a kò gbọdọ̀ fi èdè mìíràn ṣe ìsìn ní gbangba àfi Faransé, Látìnì tàbí èdè ìbílẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn akọ̀wé náà sì di ohun tí a kà léèwọ̀.

William Platt, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Dahomey, ni ó wá wo ilẹ̀ náà ní 1923. Ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ń péjọ ní ọjọ́ Ìsinmi. Nínú àwọn ilé ìsìn wọn, Bíbélì èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lórí tábìlì níwájú, tí kò sí ẹni tí ó lè kà á. Bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti fi dúró.

Ní 1926, Pierre Benoît, ọ̀kan nínú àwọn òjíṣẹ́ náà, lọ bá Harris ní Cape Palmas. Ó ti darúgbó, ó sì tálákà. Ó fi iṣẹ́ rán Benoît pé kí àwọn ènìyàn òun wọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó sì tún tọ́ka wọn sí orí kẹrin Málákì, orí kan náà tí ó dì mú láti inú ẹ̀wọ̀n.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó tẹ́ lọ́rùn. Ní oṣù Kejìlá 1928, John Ahui láti Petit-Bassam, abúlé Ebrié kan ní Abidjan, lọ sí ọ̀dọ̀ arúgbó náà pẹ̀lú àwọn mìíràn. Harris fún un ní ọ̀pá àgbélébùú àti Bíbélì, ó sì rán an padà sí ilé. Ní oṣù Kẹrin 1929 ni Harris kú. Ahui ni ó ṣe olórí ìjọ aláṣọ funfun náà títí ó fi kú ní 1992.