AL-MU'IZZ, ỌBA TÓ FẸ́ GÈGÉ TÍ KÌ Í TÚ SÍNÚ ÀPÒ

 

Ẹni tó bá ti ná ọjà Ṣáṣá rí mọ̀ pé bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti Òkè Ọya dé, tí wọ́n ń já tòmáàtì, ata àti àlùbọ́sà sílẹ̀, oníṣòwò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbẹ́kẹ̀ lé orí nìkan. Ìwé kékeré kan á wà lọ́wọ́ rẹ̀, báírò á wà ní àpò rẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò kọ ọ́ sí: ẹni tó gbé agbọ̀n mẹ́ta láwìn, ẹni tó san ìdajì, ẹni tó ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí báírò kò tíì dójú tì rí? Nígbà mìíràn, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé títí, kò ní kọ. Nígbà mìíràn, yóò tú sínú àpò jálàbíà funfun tí a ti lọ̀ sílẹ̀ de Jímọ̀.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni irú ìyọnu yìí ń bá. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí ọba ńlá kan nínú ìtàn Mùsùlùmí ti jókòó, tó ronú sí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, tó sì wá nǹkan ṣe sí i. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a mú wá fún yín lóṣù yìí.

Ma'add ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìlú Mahdiyya, létí òkun ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 932. Inú ìdílé Fátímídì ló ti wá, àwọn tó ń sọ pé ìran Fátímà, ọmọ Ànábì wa, ni àwọn. Bàbá rẹ̀, Al-Mansur, ni kálífà kẹta nínú ìdílé náà. Nígbà tí bàbá kú ní ọdún 953, ọmọ gorí oyè nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ogún ọdún. Orúkọ tó fi jọba ni Al-Mu'izz li-Dinillah, èyí tó túmọ̀ sí ẹni tí ń gbé ẹ̀sìn Ọlọ́hun ga.

A kò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún yín. Ṣíà ẹ̀ka Ìsìmáílì ni àwọn Fátímídì, àwa Àlùsúńnà kò sì bá wọn pé lórí àkídà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí a má sọ iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ṣe. Ẹni tó gbẹ́ kànga fún ará àdúgbò, bí a kò tilẹ̀ bá a jẹun pọ̀, a kì í sọ pé òun kọ́ ló gbẹ́ ẹ.

Mansuriyya, ìlú ààfin tó wà lẹ́bàá Kairouan, ni Al-Mu'izz ti ń ṣàkóso. Kì í ṣe ọba tó kàn ń jókòó jẹun lásán. Ìwé ń wọlé tọ̀ ọ́, ìwé ń jáde lọ́dọ̀ rẹ̀: sí àwọn gómìnà, sí àwọn ológun, sí àwọn oníwàásù rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé-kéwú mọ bí ìkọ̀wé ayé ìgbà náà ṣe rí, nítorí òun náà ni àwọn àáfà wa bá pàdé. Esùsú ni wọ́n máa ń gbẹ́ di kálámù. A ó tì í bọ inú tàdáwà, yóò kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò gbẹ, a ó tún tì í bọ̀ ọ́. Bí a bá fẹ́ rìnrìn àjò, a ó gbé tàdáwà dání, a ó sì máa bẹ̀rù kó má dà sí aṣọ. Kò sí òpin wàhálà náà fún ẹni tí ìwé kíkọ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀.

Adájọ́ àgbà kan wà ní ààfin Al-Mu'izz, Al-Nu'man ni orúkọ rẹ̀. Ó ti sin àwọn kálífà mẹ́ta kí Al-Mu'izz tó jẹ. Àṣà adájọ́ yìí ni pé ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu ọba níbi ìjókòó, tàbí nígbà tí wọ́n bá jọ ń gun ẹṣin lọ, yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kó wọn jọ di ìwé tó ń jẹ́ Al-Majalis wal-Musayarat. Inú ìwé yìí ni a ti rí ìtàn gègé náà.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ gègé jáde níbi ìjókòó, ọba sì sọ iyì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun ń fẹ́ gègé kan tí ẹni tó ń kọ̀wé kò ní í máa tì bọ inú tàdáwà mọ́, nítorí tàdáwà á ti wà nínú gègé náà fúnra rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kọ̀wé, kó kọ. Bí a kò bá fẹ́ mọ́, kí a tì í bọ inú ọwọ́ ẹ̀wù tàbí ibi tó bá wù wá, kó má sì ṣe jò, kó má ba aṣọ jẹ́. Ó ya adájọ́ lẹ́nu. Ó bèèrè bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tilẹ̀ lè ṣeé ṣe. Ọba dáhùn pé yóò ṣeé ṣe bí Ọlọ́hun bá fẹ́.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí oníṣẹ́ ọnà tí ọba gbé iṣẹ́ náà fún fi dé. Wúrà ló fi ṣe é. Wọ́n da tàdáwà sí i, ọba fi kọ̀wé, ó sì kọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: tàdáwà tó ń pọ̀ jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Ọba kò bínú, kò lé oníṣẹ́ lọ. Ó ní kó lọ tún un ṣe. Nígbà tó padà dé, ó ti gún. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sí ìkán kan tó jábọ́. Bí ọba bá sì fi kàn ìwé, á kọ geere.

Inú adájọ́ dùn sí gègé yìí, ó sì rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára rẹ̀. Lójú rẹ̀, ọlọ́gbọ́n ló jọ. Ó ń fún ẹni tó bèèrè fún ohun tó wúlò, ó sì di ìkóríta rẹ̀ mú lọ́wọ́ ẹni tí kò ní nǹkan gidi í fi ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ohun ńlá ṣẹlẹ̀ nígbà ayé Al-Mu'izz. Ní ọdún 969, Jawhar, olórí ogun rẹ̀ tí wọ́n tún ń pè ní Akọ̀wé, gba ilẹ̀ Íjíbítì fún un. Òun ló tẹ ìlú Káírò dó, òun náà ló kọ́ mọ́sáláṣí Al-Azhar láàárín ọdún 970 sí 972. Al-Azhar yìí náà ló di ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá ń kọjá aṣálẹ̀ lọ láti kàwé. Al-Mu'izz fúnra rẹ̀ kó dé Káírò ní ọdún 973, ó sì gbé pósí àwọn bàbá rẹ̀ dání. Ní ọdún 974, Adájọ́ Al-Nu'man kú, ọba ló sì kírun sí i lára. Ní òpin ọdún 975, ọlọ́jọ́ dé bá ọba náà. Kò ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì lọ.

Gègé wúrà ńkọ́? Kò sí ẹni tó rí i mọ́. Orúkọ ẹni tó ṣe é kò bá ìtàn dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni bó ṣe ṣe inú rẹ̀. Ààfin ni wọ́n ti ṣe é, kò dé ọjà, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tó gbé e tẹ̀síwájú. Nítorí náà, ayé tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Ní ọdún 1827, Petrache Poenaru, ọmọ ilẹ̀ Ròmáníà tó ń kàwé ní Párísì, gba ìwé àṣẹ fún gègé tó ń gbé tàdáwà sínú. Ní ọdún 1884, Lewis Waterman gba tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó fi àlàfo tín-ín-rín sí i, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé bí tàdáwà ti ń jáde, kó má baà tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọdún 1938 ni László Bíró, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì, gba ìwé àṣẹ fún èyí tó ní ọta kékeré lẹ́nu. Orúkọ ọkùnrin yìí ni à ń pè nígbà tí a bá ń pe báírò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gègé wúrà ọba ṣègbé. Irú kálámù tí gbogbo akọ̀wé ń lò, tí ń fi tàdáwà kun ọmọ ìka, ni ó gba ìtàn rẹ̀ là, nítorí pé adájọ́ kan kò fojú di ohun tó rí. Ká ní kò kọ ọ́, kò sí ẹni tí ìbá mọ̀ lónìí pé Mùsùlùmí kan ti ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí.

Bí Ọlọ́hun bá fún ẹ ní gègé tó dára, tó ń kọ geere, tí kò ń tú, gbádùn rẹ̀, kí o sì dúpẹ́. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ fi gègé búra nínú Àlùkùránì, odidi súrà kan ló sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó di ohun ọ̀ṣọ́ àpò lásán. Ní Ṣáṣá àti àwọn abúlé tó yí wa ká, àwọn bàbá àti ìyá wà tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ kírun ní mọ́sáláṣí àdúgbò wọn, tó mọ ewé àti egbò, tó mọ bí ọjà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o bá lọ kí wọn, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, bèèrè, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún ẹ. Oníṣẹ́ wúrà yẹn kò rí ẹni kọ orúkọ tirẹ̀.